Omi Ẹfun àti Omi Kíkan

Libardo Lancheros fi ẹnu ṣọ́bìrì fa ìlà yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká. Ó bọ́ ruana, aṣọ ìbora onírun tó fi ń dènà òtútù, ó gbé e kọ́ ara àgbá ńlá tí kò lè yí mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ àdúgbò wa ò le. Létí odò Tunjuelo níbí, ibi yòówù kéèyàn ki ṣọ́bìrì bọ̀, irun màlúù àti ègé awọ tí àwọn bàbá wa dà nù ló máa kọ́kọ́ bá kó tó kan amọ̀. Libardo ń kó irun sí apá kan, ó ń kó amọ̀ sí apá kejì. Irun kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dì, àmọ́ amọ̀ dára láti fi rẹ́ ẹ̀yìn ògiri kòtò tó fẹ́ mọ.

Àgbá tó gbé ruana kọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Igi ni wọ́n fi kàn án, ó sì ga ju ọkùnrin méjì tó gorí ara wọn lọ. Inú rẹ̀ ni awọ tútù máa ń wọ̀, pẹ̀lú ẹfun jíjó àti iyọ̀ kan tó ń jẹ irun. Bí àgbá bá ti yí dáadáa, irun á bó kúrò lára awọ bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Awọ tó bá ti bó á wá sọdá òpópónà lọ sí ilé Belarmino ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì àti oògùn aláwọ̀ ewé sọ ọ́ di awọ bàtà. Bàbá wọn ló pín in bẹ́ẹ̀ kó tó kú: àbúrò á máa bó irun, ẹ̀gbọ́n á máa parí iṣẹ́, kí ọ̀kan má lè jẹun láìsí ìkejì.

Ní báyìí wáyà ti de àgbá náà lẹ́nu, èdìdì òjé sì wà lórí wáyà. Ẹnjiníà Yamile Cifuentes, obìnrin tí àwọn tó ń ṣọ́ odò rán wá, ló dì í. Ilé Libardo ló kángun sí odò, páìpù tirẹ̀ dá wọ odò ni, obìnrin náà sì ti rí omi tó ń ti ibẹ̀ jáde, ó funfun bíi wàrà tó ti bàjẹ́. Kò pariwo. Ohun tó sọ ni pé:

"Ọ̀gbẹ́ni Lancheros, bí omi yín ò bá mọ́ kó tó di Kérésì, ṣéènì ni mo máa gbé wá, kì í ṣe wáyà. Tí ṣéènì bá sì ti wọ àgbá yìí, kò sẹ́ni tó máa tú u."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ omi ẹfun di mímọ́?" ni Libardo bi í. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá a jà. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.

Obìnrin náà wò ó, ó rí i pé kò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá jókòó sórí ìdì awọ oníyọ̀ kan. "Afẹ́fẹ́ ni. Ohun tó ń rùn bí ẹyin òbu nínú omi yín, afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀ títí òórùn á fi kú, kí ẹ wá jẹ́ kó tòrò. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí omi ẹfun pàdé omi kíkan tó ń jáde nílé ẹ̀gbọ́n yín níbi tó ní ìbòrí. Tí wọ́n bá pàdé, gbogbo òórùn yẹn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á sì pa èèyàn. Imú ló sì máa kọ́kọ́ pa. Ẹ ò ní gbóòórùn nǹkan kan, ẹ ó kàn ṣubú ni."

Libardo yíjú síta. Òpópónà náà ló ń wò láti ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó ń wò ni gọ́tà wa. Láti ayé bàbá wa ni gbogbo ilé yòókù ti ń da omi sínú gọ́tà yẹn, omi ẹfun láti apá ọ̀tún, omi kíkan láti apá òsì. Ó ń rùn, ojú ń ta wá, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn náà lọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ odò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri, tí wọ́n ń wo àwọ̀ omi láti mọ ilé tó ti wá, a dáwó jọ, a fi ọmọrí kọnkéré bo gọ́tà náà láti òkè títí dé etí odò. Belarmino ló darí iṣẹ́ yẹn. Ó tún fi àṣà wa àtijọ́ kún un: kí ẹnikẹ́ni má da omi nù lójú oòrùn. Kí kálukú tọ́jú omi rẹ̀ títí òjò á fi dé. Tí ààrá àkọ́kọ́ bá sán lórí òkè, kí gbogbo ilé ṣí omi sílẹ̀ pọ̀, kí odò tó kún gbé e lọ. Ta ló máa mú òjò?

Lọ́sẹ̀ yẹn, kí Libardo tó mọ bíríkì kankan, ó kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ ẹnjiníà wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó bu omi ẹfun sí i, ó ki páǹpù kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń fẹ́ ẹ títí apá fi ro ó. Báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí òórùn ti kú, nígbà tí imú ẹni tó dàgbà sídìí awọ ti kú tipẹ́? Ó rántí pé fàdákà máa ń dúdú nínú omi yẹn. Ìyá wọn ti fi mẹ́dàlì fàdákà méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Belarmino, ọ̀kan fún un, àwòrán Wúndíá Mímọ́ ti Chiquinquirá sì wà lára wọn. Libardo bọ́ tirẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó so okùn mọ́ ọn, ó rì í bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fà á yọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi eérú nù ún títí ó fi dán, ó tún fẹ́ afẹ́fẹ́, ó tún rì í.

Ibi tí Belarmino ti wọlé bá a nìyẹn. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Libardo! Wúndíá Mímọ́ lo kì bọ omi irun yẹn? Ìyá wa á dìde jókòó nínú sàréè!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń gbé létí odò yìí, Wúndíá ti rí ohun tó burú jùyẹn lọ."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀. Àgbá wà nílẹ̀, kò yí, awọ ò dé ọ̀dọ̀ mi, àbúrò mi ń fi páǹpù kẹ̀kẹ́ gbá omi ìdọ̀tí létí. Obìnrin yẹn ti fẹ́ ẹ ni?"

Rosalba, ìyàwó Belarmino, gbé ife ṣokoléètì gbígbóná wọlé tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe Libardo ní ọkọ òun kékeré láti fi bí Belarmino nínú. "Ọkọ mi kékeré, gbà, mu nǹkan. Má dá ọ̀gá oníkọnkéré lóhùn. Nítorí òórùn ara ẹ̀ ni mo ṣe ń fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Libardo wí, ó gbé ife náà sílẹ̀, "ẹ jẹ́ ká ká ọmọrí gọ́tà yẹn kúrò. Omi ẹfun àti omi yín ń pàdé lábẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ní ó lè pààyàn."

Belarmino rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Òórùn tí mo ti ń mí símú láti kékeré? Bó bá máa pa mí, kí ló ń dúró dè? Tá a bá ká ọmọrí yẹn, lọ́la gbogbo àgbá òpópónà yìí á gba wáyà bíi tìẹ. Ìwọ tiẹ̀ parí kòtò ẹ kíá, kí awọ padà máa sọdá. Èmi ò ní jẹ afẹ́fẹ́."

Nígbà tó ń jáde lọ, ó fi ọwọ́ kan mẹ́dàlì tirẹ̀ lọ́rùn, bí ẹni tó ń wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Libardo padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ nìkan ń pẹ́ jù. Ẹnjiníà ti dárúkọ iyọ̀ aláwọ̀ osùn fẹ́rẹ́fẹ́ kan tí àwọn àgbẹ̀ ọ̀dùnkún ní òkè máa ń fi ṣe ajílẹ̀. Ó rà á, ó fi ìka méjì bu díẹ̀ sínú omi náà, ó sì fẹ́ ẹ. Omi náà dúdú, ó yípadà di àwọ̀ kọfí, nígbà tó sì ri mẹ́dàlì bọ̀ ọ́, fàdákà náà jáde bó ṣe wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi àmì àgbélébùú kan iwájú orí, ó wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe orí ló ṣe é.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Ó mọ kòtò méjì ní bíríkì, ọ̀kan láti fẹ́ afẹ́fẹ́, ọ̀kan láti jẹ́ kí omi tòrò. Láàárín wọn ó fi àwọ̀n onírin tó ń mú irun. Èdìdì wà lẹ́nu àgbá, kò sí lára ẹ̀rọ tó ń yí i. Libardo tú bẹ́líìtì kúrò lára àgbá, ó gbé e kọ́ fáànù tó rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ẹnu fáànù, ó na páìpù rọ́bà gígùn kan, ó fi wé ìsàlẹ̀ kòtò bí ejò tó ká jọ, ó sì lu ihò sí i lára. Àwọn ihò àkọ́kọ́ tóbi jù. Afẹ́fẹ́ ń jáde gbùúgbùú, ó ń sáré lọ sókè láìṣiṣẹ́. Ó lẹ̀ wọ́n pa, ó fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu àwọn tuntun, èyí tó kéré bí ojú èèrà. Ìgbà yìí omi náà hó káríkárí. Àmọ́ ọ̀rá awọ sọ ọ́ di ìfófó tó ga kọjá etí kòtò, tó ń ṣàn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó da òróró sísè díẹ̀ lé e lórí, ìfófó náà sì wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nìkan.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ń rẹ́ etí kòtò kejì ni ojú ọ̀run ṣú lórí àwọn òkè tó wà lókè ìlú. Ààrá sán. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ariwo ìlẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń ṣí káàkiri òpópónà, gbàgà, gbàgà, gbogbo ilé ń tú omi sílẹ̀ pọ̀. Òjò ò tíì kan ilẹ̀ dáadáa. Omi ẹfun láti apá ọ̀tún, omi kíkan láti apá òsì, gbogbo rẹ̀ wọ abẹ́ ọmọrí kọnkéré.

Irun dí gọ́tà níwájú ilé Belarmino. Omi padà, ó ń ru sínú ọgbà rẹ̀ níbi tó tẹ́ awọ sí. Belarmino bú irun, ó bú òjò, ó bú ìyá irin tó fi ń ká ọmọrí kan sókè, ó mú ìkọ́ gígùn, ó sì gba àtẹ̀gùn onírin sọ̀ kalẹ̀ sínú gọ́tà jíjìn náà, ní apá ibi tí omi ò tíì kún. Ananías Farfán, aládùúgbò rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló dúró lókè.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ananías ké sí i.

"Mo ti mú un," ni Belarmino dáhùn. "Kò tiẹ̀ rùn lónìí."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ananías pè é, ó yọjú wo ìsàlẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ àtẹ̀gùn onírin láti lọ fà á, ó sì gbé orí ka ọ̀pá àtẹ̀gùn náà bí ẹni tó fẹ́ sùn. Nígbà náà ni Rosalba fi igbe ta.

Libardo sáré dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Ọkùnrin méjì ti ń bọ́ bàtà láti sọ̀ kalẹ̀. Ó na apá méjèèjì dí ẹnu ihò náà.

"Ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni!" ni Rosalba kígbe. Ó gbá a lójú, ó gbá a láyà. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà níbẹ̀, Libardo! Kúrò lọ́nà!"

"Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ò ní jáde. Ẹ ká àwọn ọmọrí yòókù! Ẹ mú ìkọ́ mìíràn wá, ẹ fi kọ́ Ananías ní bẹ́líìtì! Ẹ dì í mú!" Nígbà tó rí i pé wọ́n ti dì í mú lóòótọ́, ó sáré padà sílé, ó fa páìpù rọ́bà yọ kúrò nínú kòtò rẹ̀ tìpàtìpá, ó gé ibi tó lu ihò sí sọnù, ó sì wọ́ ìyókù sọdá òpópónà. Ó gùn dé ìsàlẹ̀ gọ́tà, ó kù díẹ̀ kó má dé. Ó ki í bọ ìsàlẹ̀, ó ké sí ìyàwó tirẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, pé kó tan ẹ̀rọ.

Wọ́n ti fa Ananías jáde nígbà náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú òjò, ó mí, ó bì, ó tún mí. Belarmino ló kù, ó wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ìkọ́ ò dé. Fáànù ń fẹ́. Gbogbo wa dúró yí ihò náà ká, òjò ń lù wá, kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan ju ká máa retí kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Rosalba jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí i láti wá jẹun. Nígbà tí Libardo rò pé ó tó, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ki ẹnu páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì so okùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ apá.

Belarmino ò mí mọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí òjò fọ ẹrẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, a rí mẹ́dàlì rẹ̀. Ó dúdú bí èédú.

Kó tó di pé a sìn ín, ẹnjiníà Yamile ti dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì ti fi èdìdì di gbogbo àgbá òpópónà, láti ilé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn kan lára wa lọ wá iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, àwọn kan padà sí Villapinzón, ìlú tí àwọn bàbá wa ti wá, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Àwọn tó kù níláti rí ẹni kan bínú sí.

"Libardo ló mú obìnrin yẹn wá."

"Ó dí ẹnu ihò. Bí wọ́n bá ti tètè wọlé, bóyá ọkùnrin yẹn ì bá yè."

"Bí wọ́n bá ti tètè wọlé, òkú mẹ́rin là bá máa sin," ni Ananías wí láti orí àga tó jókòó sí. Ohùn rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń gbàdúrà fún òkú níbí. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Libardo á wá, á kúnlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn, á gbàdúrà títí dé òpin, á sì dìde lọ láìmu kọfí. Kò pẹ́, a ó gbọ́ ìró ọwọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ nǹkan," ni obìnrin kan wí. "Ọmọ ìyá ẹ̀ ò tíì tutù, ó ń mọ bíríkì."

Rosalba gbọ́ ọ. Ó ń kó ife kọfí jọ, kò sì wo apá ibẹ̀. Láti ọjọ́ òjò yẹn kò tíì bá Libardo sọ̀rọ̀, kò sì pè é ní orúkọ kankan.

Libardo ra páìpù mìíràn, ó tún fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó parí kòtò kejì. Ó fi ọ̀nà omi kan sí etí òkè rẹ̀, kó lè jẹ́ pé omi tó ti tòrò nìkan ló máa ṣàn kúrò, kí ẹrẹ̀ sì jókòó sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn, tó bá gbẹ, àwọn tó ń mọ bíríkì ní òkè máa ń gbà á. Kò sí ohun tó dà nù.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, ẹnjiníà dé. Libardo tú omi ẹfun tó ti tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti fi èdìdì di àgbá rẹ̀ sínú kòtò, ó bu iyọ̀ aláwọ̀ osùn sí i, ó tan fáànù, ó ta òróró sí ìfófó. Wọ́n dúró ti omi náà títí ó fi dúdú, tó di àwọ̀ kọfí, tó tòrò. Libardo bọ́ mẹ́dàlì rẹ̀, ó rì í bọ ibi tí omi ti ń jáde, ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fà á yọ, ojú Wúndíá ṣì ń dán.

Ẹnjiníà Yamile wo mẹ́dàlì náà, ó sì wo ilé tó wà ní òdìkejì òpópónà. Ó bu omi sínú ìgò, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ó padà wá kí Kérésì tó dé, ó mú pẹ́ńsù kúrò nínú àpò, ó sì gé wáyà náà. Èdìdì òjé jábọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ti yege," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín, Libardo náà ò sì rẹ́rìn-ín.

Ó gbé bẹ́líìtì padà sára àgbá. Àgbá náà dún, ó kérora, ó yí. Òun nìkan ló ń dún ní gbogbo òpópónà. Àwọn èèyàn jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n padà wọlé láìkí i. Libardo lọ sí etí odò láti wo ẹnu páìpù rẹ̀. Omi tó ń jáde mọ́, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ó wọ odò, ó la àwọ̀ dúdú náà já díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí mọ́.

Nígbà tó padà dé, Rosalba dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Ruana ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó sì tóbi jù fún un. Ó na ọwọ́ jáde, mẹ́dàlì dúdú náà wà nínú rẹ̀.

"Mo lè fi eérú nù ún fún yín," ni Libardo wí.

"Rárá. Má nù ún." Ó pa ọwọ́ dé. Ó wo omi tó ń hó káríkárí títí. "Omi tiwa kì í ṣe ẹfun. Ṣé afẹ́fẹ́ náà ló máa ṣe é?"

"Rárá. Ẹfun tuntun, tí kò tíì kan irun, ni wọ́n máa ń dà sí i. Oògùn aláwọ̀ ewé yẹn á dì, á jókòó sísàlẹ̀ bí ògì. Ẹ lè bù ú, kí ẹ fi ásíìdì yọ́ ọ, kí ẹ tún lò ó. Ṣùgbọ́n kòtò tiyín gbọ́dọ̀ dá wà, kò gbọ́dọ̀ ní ohun kan ṣe pẹ̀lú tèmi."

"Ó máa pẹ́ tó?"

"Ó máa pẹ́."

Rosalba mi orí pé òun ti gbọ́. Ó rìn lọ síbi tí ṣọ́bìrì fara ti ògiri, ó mú un, ó sì wò ó bí ẹni tó ń wọn bó ṣe wúwo tó.

"Wá fa ìlà náà fún mi, ọkọ mi kékeré," ló wí, ó sì ṣáájú sọdá òpópónà.